Òbí Tó Gbé Ọmọ Pamọ́ Lòdì sí Àṣẹ Ilé Ẹjọ́: Ohun Tí Òfin Sọ

Bí ìgbéyàwó bá túká, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé àti ọjọ́ tí òbí kejì yóò máa rí i. Abala 71 nínú Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti ọdún 1970 là á kalẹ̀ pé ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Nítorí náà, òbí tó bá gbé ọmọ pamọ́, tàbí tó kọ̀ láti dá a padà lẹ́yìn ìsinmi, ti tàpá sí àṣẹ ilé ẹjọ́. Pé òun ló bí ọmọ náà kì í ṣe àwíjàre.

Ohun tí ilé ẹjọ́ yóò wò

Àṣẹ náà gbọ́dọ̀ yéni yékéyéké, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀dà rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ hàn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìgbọràn ni. Nítorí pé ọ̀ràn náà lè já sí ẹ̀wọ̀n, ẹ̀rí tí kò mú iyèméjì lọ́wọ́ ni adájọ́ ń fẹ́. Pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìkan kò dá àṣẹ dúró.

Ìgbésẹ̀ tí ẹ lè gbé ní Ilé Ẹjọ́ Gíga

1. Ẹ gba ẹ̀dà àṣẹ tí ilé ẹjọ́ fi òǹtẹ̀ lù.
2. Ẹ béèrè fún Fọ́ọ̀mù 48. Ìkìlọ̀ ni fún òbí náà pé àìgbọràn lè sọ ọ́ dèrò ẹ̀wọ̀n.
3. Bí kò bá yí padà, Fọ́ọ̀mù 49 yóò tẹ̀ lé e, ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ méjì gbáko. Èyí ni yóò pè é wá sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ rán an lẹ́wọ̀n.
4. Adájọ́ yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ó tó dájọ́.

Ẹ̀wọ̀n yìí kì í ṣe ti ẹ̀san. Ìdí rẹ̀ ni pé kí àṣẹ lè ṣẹ: ọjọ́ tí òbí náà bá dá ọmọ padà, ó lè bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀.

Bí ó bá di ẹ̀sùn ọ̀daràn

Abala 27 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ka gbígbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú rẹ̀ láìgbà á láyè sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Ó di ọdún 10 bí a bá gbé ọmọ kúrò ní ìpínlẹ̀, ó sì tún ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá gbé e kúrò ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin yìí ní tirẹ̀.

Bí ọmọ bá kọjá ẹnu ibodè

Nàìjíríà kò sí lára Àdéhùn Hague ti ọdún 1980 lórí gbígbé ọmọ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí náà, àṣẹ tí ilé ẹjọ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù pa kò lè fúnra rẹ̀ dá ọmọ padà láti ìhín. A ní láti pe ẹjọ́ níbí. Bí ẹ bá fura pé wọ́n fẹ́ gbé ọmọ jáde, ẹ tètè bẹ ilé ẹjọ́ kí ó gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ sọ́dọ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má ṣe fi agbára já ọmọ gbà padà. Ẹ má ṣe dá owó ìtọ́jú dúró nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ẹ rí ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe fi ọmọ pamọ́ nítorí owó tí a kò san. Àṣẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí kò lágbára láti gba agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council tó súnmọ́ ọn.