AGBẸJỌ́RÒ ÀTI ÌWÉ Ẹ̀RÍ RẸ̀

Àwọn bàbá wa a máa wí pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, kò sì sí ẹni tí ó jókòó sí ìsọ̀ tí ó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi dúró lórí rẹ̀ pé iṣẹ́ ti àwọn kì í ṣe òwò. Nígbà tí Ẹgbẹ́ àwọn Agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà ṣe ìlànà ìwà li ọdún 1908, nwọ́n kà á sí àbùkù kí agbẹjọ́rò fi ìkéde wá oníbàárà. Káàdì kékeré tí a kọ orúkọ àti ibi iṣẹ́ sí ni nwọ́n gbà láyè. Òkìkí tí iṣẹ́ rere ńmú wá tó fún ènìà, bẹ́ẹ̀ ni nwọ́n rò.

Èrò náà ní ọlá, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bèrè, ẹnyin ọ̀rẹ́ wa: etí ta ni òkìkí náà ńdé? Ọlọ́rọ̀ a bi ọlọ́rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun a sì júwe agbẹjọ́rò rere fún un. Opó tí kò mọ ẹnìkan ní ìlú, tí ẹjọ́ sì dé bá lójijì, lọ́dọ̀ ta ni yíò ti bèrè?

Li ọdún 1976, agbẹjọ́rò méjì ní ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, John Bates àti Van O'Steen, kọ iye owó iṣẹ́ wọn sínú ìwé ìròhìn: dọ́là 175 fún ìkọ̀sílẹ̀ tí kò ní àríyànjiyàn, dọ́là 95 fún ẹni tí ó fẹ́ yí orúkọ padà. Ìpínlẹ̀ bá wọn wí. Ní 1977 Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá a, adájọ́ 5 sí 4, pé a kò lè pa agbẹjọ́rò lẹ́nu mọ́ pátápátá nígbà tí ó ńsọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Ti owó nìyẹn. Owó ṣeé kà. Ìmọ̀ kò ṣeé gbé lé òṣùwọ̀n. Bí agbẹjọ́rò bá wí pé òun jẹ́ ọ̀gá nínú ẹ̀ka kan, ta ni ó jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀?

Ìpínlẹ̀ California ti bẹ̀rẹ̀ ní 1971 láti ṣètò bí yíò ti máa fi ìwé ẹ̀rí fún irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Illinois kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tirẹ̀ ni pé agbẹjọ́rò kan kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá tí a fi ìwé ẹ̀rí yàn, àfi àwọn tí ńṣe ọ̀ràn ẹ̀tọ́ olùdá ohun titun, ti àmì ọjà, àti ti ọkọ̀ ojú omi. Ní Edwardsville, ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ni agbẹjọ́rò tí ńjẹ́ Gary Peel ti ńṣiṣẹ́. Ó ti ro ẹjọ́ tí ó ju 100 lọ dópin níwájú júrì. Ní 1981 ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, tí ńdán àwọn agbẹjọ́rò ilé-ẹjọ́ wò, fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé náà kì í ṣe èyí tí a ńfi owó rà: ẹgbẹ́ náà ńbèrè ẹjọ́ tí ènìà ti rò gẹ́gẹ́ bí aṣáájú, ó ńfi ìdánwò odindi ọjọ́ kan lélẹ̀, lẹ́hìn ọdún 5 ìwé náà a sì kú bí ẹni náà kò bá tún fi ara rẹ̀ hàn ní yíyẹ.

Láti 1983 Peel tẹ̀ ẹ́ sí orí ìwé tí ó fi ńkọ lẹ́tà pé òun jẹ́ ọ̀gá nínú ríro ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ó dárúkọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́rìí, nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó sì kọ àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí ó fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ní 1987 a fi ẹ̀sùn kàn án, ilé-ẹjọ́ gíga Illinois sì bá a wí ní gbangba. Ẹ kíyè sí i: kò sí ẹni tí ó wí pé ó purọ́. Ìbẹ̀rù wọn ni pé ẹni tí ó bá ka ìlà kan tẹ̀lé èkejì yíò rò pé ìjọba ni ó fi èdìdì sí méjèèjì. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe asán, nítorí púpọ̀ nínú ènìà ńwo èdìdì láìwo orúkọ tí ó wà lára rẹ̀.

Li ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, 1990, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ yí ìbáwí náà dànù, adájọ́ 5 sí 4 lẹ́ẹ̀kan sí i. Adájọ́ Stevens, tí ó kọ ìdájọ́ náà, wí pé òtítọ́ tí ènìà lè wádìí ni ọ̀rọ̀ Peel, àti pé bí ó bá lè ṣi ẹnìkan lọ́nà, kí ìpínlẹ̀ mú kí a ṣàlàyé sí i. Kí ó má ṣe fi òfin bò ó mọ́lẹ̀. Adájọ́ Marshall gbà pé ìwé náà lè ṣini lọ́nà, síbẹ̀ ó dìbò pẹ̀lú rẹ̀. Adájọ́ O'Connor àti àwọn mìíràn kọ̀. Nwọ́n di ìbẹ̀rù Illinois mú. Àwa fara mọ́ Stevens, nítorí opó tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò lè yan nínú ohun tí a fi pamọ́ fún un.

Lẹ́hìn náà Illinois tún òfin rẹ̀ ṣe. Ó gbà kí agbẹjọ́rò dárúkọ ìwé ẹ̀rí tí ó jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí ó kọ ọ́ mọ́ ọn pé ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà kò ka irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sí, àti pé ẹni tí kò ní i pàápàá lè ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò níbẹ̀. Àpẹẹrẹ òfin tí Ẹgbẹ́ àwọn Agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ béèrè ohun méjì: kí ẹni tí ńjẹ́rìí jẹ́ èyí tí ìpínlẹ̀ tàbí Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ gbangba níbi tí olùkàwé yíò ti rí i.