Nọ́ọ̀kì
Bí awakọ̀ ojú omi ní Mákòkó tàbí Ẹ̀pẹ́ bá ní "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì", kì í ṣe pé ó ń dún kò-kò-kò, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lò ó. Ó ti kú ni. Ooru ló mú kí písítìn wú, tó sì há mọ́ inú sìlíńdà.

Omi ọ̀sà gan-an ló ń mú ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tutù. Rọ́bà kan tó ń yí lẹ́sẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló ń fà á sókè. Lẹ́yìn tí omi náà bá ti yí ẹ́ńjìnnì ká, díẹ̀ nínú rẹ̀ á máa tú jáde tín-ín-rín lẹ́yìn. Kí ojú awakọ̀ má kúrò lára omi yẹn. Tó bá dá, kó pa ẹ́ńjìnnì kíá, kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kó yẹ ojú ihò tó ń gba omi wò. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló sábà máa ń dí i (Èkó kúkú ń da ọ̀rá sómi bí ẹni ń bọ Olókun). Bí kò bá sí ọ̀rá, yanrìn lè ti jẹ rọ́bà náà, tàbí kí iyọ̀ ti dì sójú ọ̀nà omi.

Nígbà míì, tí ooru bá lọ, ẹ́ńjìnnì á tún jí. Àmọ́ inú sìlíńdà ti ha, agbára rẹ̀ ò ní pé mọ́.