Bátànì tí a Pamọ́, Síkírìn tí a Fọ̀: Irinṣẹ́ Ọnà Aṣọ Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn

Ìfáàrà

Àwọn tó ń kọ ìtàn aṣọ sábà máa ń wo aṣọ tí a ti tà, tí a sì ti wọ̀. Irinṣẹ́ tó gbé ọnà sára aṣọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àfiyèsí, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí irinṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ wà lára ohun tó ń pinnu ẹ̀rí tí òpìtàn yóò bá nílẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí gbé méjì yẹ̀ wò: bátànì onípáànù ti àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta, àti síkírìn tí a fi ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Méjèèjì ni a ń fọ̀, tí a sì ń tún lò. Ṣùgbọ́n fífọ ọ̀kan ń pa ọnà mọ́. Fífọ èkejì ń pa ọnà rẹ́.

Bátànì Abẹ́òkúta

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin Ìbàdàn fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ní Abẹ́òkúta, bátànì ló gbòde. Àwọn ọkùnrin ló ń gé e lára páànù, títí kan páànù fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí tíì láti òkè òkun. Aládìrẹ á tẹ́ ẹ sórí aṣọ, á wọ́ ẹ̀kọ láfún gba ojú ihò rẹ̀, á gbé e kúrò, á sì tún tẹ́ ẹ síwájú. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní mú un. Bí iṣẹ́ bá parí, omi ni a fi ń fọ ẹ̀kọ kúrò kó má baà gbẹ dí ihò.

Ọnà náà kò bá omi lọ, nítorí pé ara páànù gan-an ni a gé e sí. Aṣọ Olóba jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún gorí oyè, ní 1935, ló bí i, ṣùgbọ́n àwòrán ọba àti ayaba náà ṣì ń jáde lára aṣọ tuntun pẹ́ lẹ́yìn ayẹyẹ.

Síkírìn àti Fífọ̀ Rẹ̀

Ní 1907, Samuel Simon ti Manchester gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà ìtẹ̀wé tó lo aṣọ sẹ́dà tí a nà sórí férémù. A ó dí ibi tí a kò fẹ́ kí yíǹkì gbà, a ó sì fi rọ́bà wọ́ yíǹkì gba ibi tó ṣí sílẹ̀. Ní New York, ní nǹkan bí ọdún 1938, àwọn ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò ìjọba pẹ̀lú Anthony Velonis ń fi gúlùú dí ojú sẹ́dà. Omi lásán ti tó láti ṣí i kúrò.

Nígbà tí èròjà tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le koko rọ́pò gúlùú, omi kò ká a mọ́. Bílíìṣì lè ṣí i, ṣùgbọ́n ara kòkòrò ni sẹ́dà ti wá, bílíìṣì a sì máa jẹ ẹ́. Pọ́líẹ́sítà, tó gbilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà: ó le fara da kẹ́míkà líle. Láti ìgbà náà, férémù kan lè gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́.

Ìdí fífọ̀ yé ni. Owó ni a fi ń ra aṣọ síkírìn, férémù ń gba àyè, kò sì sí oníbàárà tí yóò padà wá béèrè àwòrán ìsìnkú ọdún tó kọjá. Ní Ṣómólú, tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó, ọgbọ́n ọjà ni. Ẹnikẹ́ni kò lè pè é ní àìbìkítà.

Àgbálọgbábọ̀

Síbẹ̀, aṣọ ìpolongo ìbò ń di àkísà, síkírìn rẹ̀ sì ti di ti ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn, òjìji ọnà àtijọ́ a máa hàn fírífírí bí a bá gbé síkírìn sójú ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji kì í sọ ọjọ́ tàbí orúkọ. Bátànì ti rí àyè nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nítorí pé kò ṣe é pa rẹ́. Síkírìn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé bá àwọn atẹ̀wé ṣe àdéhùn: kí a tó fọ síkírìn, kí a tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà, kí a kọ ọjọ́ àti ìdí iṣẹ́ náà sí i. Bébà kan kò ní dí ọjà ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ lè sọ ìran kan di aláìlẹ́rìí.