Àná Kò Ṣe é Yí Padà, Ṣùgbọ́n Ó Ṣe é Tọ́jú: Àtúnyẹ̀wò Sáà Kìn-ín-ní Eré 'Doctor Who'

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lágbàáyé kò sí lórí eré. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Amẹ́ríkà, John Kennedy. Síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni iléeṣẹ́ BBC gbé eré amóhùnmáwòrán tuntun kan sáfẹ́fẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n pè ní 'Doctor Who'. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ènìyàn ló wò ó. Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, BBC tún ìpín kìn-ín-ní náà gbé jáde kí wọ́n tó fi ìkejì lé e, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rí i wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Eré tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ti di àgbà. Ẹ jẹ́ kí a bá a wo ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà nínú sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ kan àwa náà ní Nàìjíríà ju bí a ti lè rò lọ.

Ìtàn náà kò le. Olùkọ́ méjì, Ian tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì àti Barbara tó ń kọ́ni ní ìtàn, ṣàkíyèsí akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan tó ń jẹ́ Susan. Ọmọ náà mọ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ iye ṣílè tó wà nínú pọ́n-ùn kan. Wọ́n tẹ̀ lé e délé, wọ́n sì bá ara wọn níbi tí wọ́n ń kó àlòkù nǹkan jọ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí àpótí gìrìwò kan, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ìlú London fi ń tẹ tẹlifóònù nígbà náà. Inú àpótí náà fẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ni, ó sì lè gbé ènìyàn lọ sí àná tàbí ọ̀la. Bàbá àgbà Susan, tí wọ́n ń pè ní Dókítà, ló ni ín. Nítorí pé kò fẹ́ kí àṣírí rẹ̀ tú, ṣe ló gbé àwọn olùkọ́ náà lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó gbé eré náà kalẹ̀ kì í ṣe irú ẹni tí BBC ayé ìgbà náà sábà máa ń fi iṣẹ́ ńlá lé lọ́wọ́. Sydney Newman, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ló ni èrò náà lọ́kàn. Verity Lambert, obìnrin tí kò tíì pé ọdún 28, ló jẹ́ olùgbéré-jáde. Waris Hussein, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí ní ìlú Lucknow ní ilẹ̀ Íńdíà, ló darí ìtàn àkọ́kọ́. Delia Derbyshire ló sì fi ẹ̀rọ sọ orin tí Ron Grainer kọ di ohùn àrà tí etí kò gbọ́ rí.

Ẹni tó bá mọ Dókítà òde òní gẹ́gẹ́ bí akọni aláàánú yóò ya ẹnu tó bá wo èyí tí William Hartnell ṣe. Nínú ìtàn kìn-ín-ní, ó mú òkúta lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó fara gbọgbẹ́, bí kì í bá sì ṣe Ian tó dá a dúró, ẹ̀mí ìbá bọ́. Nínú ìtàn kejì, ó parọ́ pé ọkọ̀ òun bà jẹ́, kí ó lè ráyè lọ wo ìlú tí ojú rẹ̀ wà lára. Irọ́ yẹn ló gbé wọn kọ́ ọwọ́ àwọn Dalek, ẹ̀dá inú ẹ̀wù irin tí ìkórìíra kún inú wọn. Newman kò fẹ́ ohun abàmì bẹ́ẹ̀ nínú eré rẹ̀, ṣùgbọ́n Lambert kò yẹsẹ̀. Àwọn Dalek ló sọ eré náà di ìlú-mọ̀ọ́ká, tí iye òǹwòran fi ròkè dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn olùkọ́ méjì yìí sọ bàbá olóríkunkun náà di ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ni 'The Aztecs', tó jáde ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà ọdún 1964. Ọkọ̀ náà balẹ̀ sí ilẹ̀ Mẹ́síkò àtijọ́. Àwọn ará ìlú rí ẹ̀gbà ọwọ́ kan lọ́wọ́ Barbara, wọ́n sì gbà pé àlùfáà wọn tó ti kú, Yetaxa, ló tún padà wáyé, bí àwa náà ti máa ń rí ìyá tó ti lọ lójú Yétúndé. Olùkọ́ ìtàn ni Barbara. Ó mọ̀ pé Cortés àti àwọn ọmọ ogun Sípéènì ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó sì mọ ohun tí wọn yóò fi ojú ìlú náà rí. Ó rò pé bí òun bá lè fòpin sí fífi ènìyàn rúbọ, bóyá ìparun náà kò ní wáyé. Dókítà kìlọ̀ fún un gidigidi pé ìtàn kò ṣe é tún kọ. Kò gbọ́. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n má pa ẹni tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ, ṣùgbọ́n ẹni náà kà á sí àbùkù, ó sì fò sílẹ̀ láti òkè, ó kú. Ní ìgbẹ̀yìn, ìlú náà kò yí padà. Ẹnì kan ṣoṣo, àgbà àlùfáà Autloc, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ lọ́kàn.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn tó ṣe eré yìí kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú àná. Sáà kìn-ín-ní ní ìtàn 8 àti ìpín 42. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ti sọnù: gbogbo ìpín 7 ìtàn 'Marco Polo', àti méjì nínú 'The Reign of Terror'. Olè kọ́ ló jí wọn. Fọ́nrán wọ́n lówó nígbà náà, BBC fúnra rẹ̀ ló sì pa ohun tó wà lórí wọn rẹ́ kí wọ́n lè gba nǹkan mìíràn sí i. Wọ́n rò pé kò sí ẹni tí yóò tún béèrè eré aláwọ̀ dúdú àti funfun mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Àwọn ẹ̀dà tí BBC tà sí ilẹ̀ òkèèrè ló yọ ọ̀pọ̀ nínú eré náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, wọ́n kéde pé Philip Morris ti rí ìpín 9 tó ti sọnù láti inú sáà karùn-ún, ní iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní ìlú Jos. Ní Nàìjíríà wa níbí! Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dànù, inú yàrá tiwa ló ti ń gba eruku.

Àwa ńkọ́? Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin kí 'Doctor Who' tó dáyé. Mélòó nínú eré tí Moses Ọláìyá àti Oyin Adéjọbí ṣe lórí amóhùnmáwòrán láyé ìjọ́un ni a lè fi han ọmọ wa lónìí? Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ojú mi ni wọ́n ṣe kó páálí àwòrán àtijọ́ dà sẹ́yìn ilé, kí àyè lè gba àga tuntun. Kò sí ẹni tó bínú. Èmi náà dákẹ́. Títí di òní, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń dùn mí.

Kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé wa padà lọ kó páálí wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn ìyá àgbà wà nínú rẹ̀ ṣì lè wà nínú àpótí kan nílé yín, fọ́nrán ìsìnkú bàbá sì lè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín dà á sórí kọ̀ǹpútà kí ó tó bàjẹ́. Kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣí i, kí wọ́n sì ka ohun tó wà níbẹ̀. Barbara kò lè gba ìlú kan là, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo kò já sí asán.