Púpurú: Ìtàn Ẹ̀gẹ́ ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Àwọn àgbà ní, bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a jẹ yó, ọ̀tọ̀ ni kí ohun tí a jẹ ṣe ara ní oore. Oúnjẹ kan tí a mọ̀ dáadáa ní Igbódìgò àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. Púpurú ni oúnjẹ náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ dé òpin yóò mọ bí a ti ń lé oró kúrò nínú oúnjẹ, yóò sì mọ ìdí tí oúnjẹ tí kò ní oró kò fi tíì tó ọmọ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Apá Gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí Bràsíìlì wà, ni ó ti wá. Àwọn oníṣòwò Potogí ni wọ́n gbé e sọdá òkun wá sí Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Ó pẹ́ kí ó tó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, ń padà wálé láàárín ọdún 1800 sí 1900, wọ́n mú ọgbọ́n gàrí ṣíṣe bọ̀. Kí ẹ̀gẹ́ tó gbilẹ̀, iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn baba wa gbójú lé. Ẹ̀gẹ́ gba ipò lọ́wọ́ wọn nítorí pé kò yan ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ti ṣá, tí iṣu kò lè ta sí mọ́, ẹ̀gẹ́ á ta níbẹ̀. A sì lè fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ títí a ó fi nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ tí ó bá jẹ èèpo tàbí ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní àjẹjù lè kú. Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Bí a bá gé ẹ̀gẹ́ tàbí tí a rin ín, èròjà yìí á pàdé èkejì rẹ̀ tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, oró tí a ń pè ní sáyánáìdì á sì jáde. Oró náà le púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dúró pẹ́. Ó ń bá omi lọ, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, iná sì ń lé e.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ èyí. Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe púpurú. Wọn á bó ẹ̀gẹ́, wọn á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. Wọn á yọ okùn inú rẹ̀ dànù, wọn á dà á sínú àpò, wọn á sì gbé òkúta lé e kí omi ara rẹ̀ lè fún jáde. Lẹ́yìn èyí ni wọn á mọ ọ́n roboto, wọn á tò ó sórí àjà lókè iná, ooru àti èéfín á sì máa gbẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha dúdú náà kúrò, a ó gún un, a ó jọ̀ ọ́, a ó sì fi omi gbígbóná ro ó bí ẹni ń ro àmàlà. Omi ni ó kọ́kọ́ gba oró, òkúta fún un jáde, iná sì lé èyí tí ó kù.

Púpurú tí ó gbẹ dáadáa kì í tètè bàjẹ́, nítorí náà ni ó fi bá ọkọ̀ ojú omi mu. Ará Ìkálẹ̀ ní oko, ará Ìlàjẹ ní odò. Bí oúnjẹ oko ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Igbókòdá, bẹ́ẹ̀ ni ẹja ń ti Igbókòdá gòkè bọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹja yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ohun tí ọgbọ́n àwọn ìyá wa ń béèrè ni sùúrù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní agbègbè Nampula ní Mòsáńbíìkì. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni ó kù ní oko, ebi kò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn dúró de iye ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi sá a. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ, obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù, tí ẹsẹ̀ wọn rọ lójijì. Ẹsẹ̀ tí àrùn yìí bá mú kì í padà bọ̀ sípò. Kì í ṣe àjé, kì í sì í ṣe àrùn tí ń ràn. Ẹ̀gẹ́ tí a kánjú jẹ ni.

Nílẹ̀ tiwa náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968, nípa àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Ó rí i pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, tí ẹja àti ẹran kò sì tó nǹkan nínú ọbẹ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti jiyàn bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fa àrùn náà. Ṣùgbọ́n a mọ èyí dájú: inú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ni ara ti ń rí imí-ọjọ́ tí ó fi ń pa oró ẹ̀gẹ́ tí ó bá ṣẹ́ kù, kí ó lè bá ìtọ̀ jáde. Ẹja inú ọbẹ̀ púpurú kì í ṣe fún adùn nìkan.

Kì í sì í ṣe nítorí oró nìkan. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀gẹ́ tútù, èròjà tí ń mú ara dàgbà kò tó gíráàmù 2. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, ó ju 20 lọ. Ẹ̀gẹ́ ń fún wa ní agbára láti ròkò, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹran ara ọmọdé. Dókítà Cicely Williams, ọmọ Jàmáíkà, rí irú èyí ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ní 1933 ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú tí a sì ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́: ẹsẹ̀ wọn wú, awọ ara wọn bó. Ní 1935 ó pe àrùn náà ní kwashiorkor, orúkọ tí àwọn ará Gáà ń pe àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ipò rẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé wa, láti 1967 sí 1970, gbogbo ayé ni ó rí àwòrán irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ìhà Ìlà-Oòrùn.

Ṣé ó di ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá wú kí a tó mọ̀? Ó tì o. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nítòsí Iléṣà, láti àárín àwọn ọdún 1950 ni Dókítà David Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wọn àwọn ọmọdé, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gòkè ti ń ké fún ìrànlọ́wọ́ kí ojú tó rí àìsàn lára rẹ̀. Káàdì tí ó ti Ìmẹ̀sí-Ilé jáde yìí di ohun tí a ń lò káàkiri ayé.

Ẹ̀yin ará, nǹkan wọ́n lọ́jà. Ẹni tí ń ta púpurú á fẹ́ dín ọjọ́ inú omi kù kí owó lè tètè wọlé. Ẹni tí ń rà á, á fẹ́ yọ ẹja kúrò nínú ọbẹ̀ kí owó lè tó. Àwọn méjèèjì ń ba iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ṣe jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ nínú omi tí ó mọ́. Ẹ má ra púpurú tí ó bu. Bí ẹja kò bá sì pọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó parí sínú àwo bàbá. Ẹ kọ́kọ́ bù ú fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Bí ẹja kò bá sí rárá, ẹ se ẹ̀wà.