Bí Ìlú New York ti Tọpa Àrùn Dìfitéríà

Kí ó tó di ọdún 1893, ojú lásán ni àwọn oníṣègùn New York fi ń dá àrùn dìfitéríà mọ̀. Bí ọ̀fun ọmọdé bá wú, tí awọ tí ó rí bí eérú bò ó, tí èémí sì ń há mọ́ ọn, wọn a ní dìfitéríà ni. Ojú a sì máa tan ni jẹ.

Ní ọdún náà ni Ẹ̀ka Ìlera ìlú, níbi tí Hermann Biggs ti ń darí yàrá àyẹ̀wò, gba William Hallock Park sí iṣẹ́ láti wádìí àrùn yìí. Ohun tí Park gbé kalẹ̀ kò ṣòro, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Wọ́n kó ìgò kékeré tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a wé òwú mọ́ lórí, sí àwọn ilé ìtajà oògùn káàkiri ìlú. Dókítà a fi òwú náà nu ọ̀fun aláìsàn, a fi ra oúnjẹ inú ìgò, a sì dá a padà. Ní ìrọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ ìlú a wá kó wọn. Wọn a wà nínú àpótí olóoru di òwúrọ̀. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, èsì ti jáde.

Èsì náà ya ni lẹ́nu. Nínú àwọn tí a fura sí, tí wọ́n lé ní 5,000, tí wọ́n yẹ̀ wò títí di 1894, ọ̀pọ̀ ni kò ní dìfitéríà rárá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọn ìbá gbé sọ sí àárín àwọn aláàrùn ní ilé ìwòsàn Willard Parker, kí ó lọ kó o níbẹ̀. Wọ́n tún rí i pé kòkòrò náà lè wà ní ọ̀fun ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, àní ní ọ̀fun ẹni tí kò ṣàìsàn rí.

Ní 1895, Ẹ̀ka Ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn tí Emil von Behring ará Jámánì àti Shibasaburo Kitasato ará Jàpáánù ti la ọ̀nà rẹ̀ ní 1890. Wọn a fún ẹṣin ní oró kòkòrò náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi lè borí rẹ̀, wọn a sì fa omi inú ẹ̀jẹ̀ náà fún aláìsàn. Ọ̀fẹ́ ni fún tálákà. Àwọn dókítà kan kùn pé ìjọba ń jẹ nínú iṣẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n ikú rọlẹ̀. Àrùn kò lọ.

Ní 1913 ni Béla Schick, ní Vienna, fi hàn bí a ti lè mọ ẹni tí àrùn náà lè mú: a ó fi oró díẹ̀ sí awọ apá; bí ojú ibẹ̀ bá pọ́n, onítọ̀hún kò ní ààbò. Park àti Abraham Zingher gbé èyí wọ iléèwé. Zingher rí i pé àwọn ọmọ àdúgbò tí ilé há, tí ènìyàn kún bí eṣú, ní ààbò ju àwọn ọmọ olówó lọ. Èyí kì í ṣe ohun ayọ̀. Àrùn tí ó kọjá lára wọn ni ó fi ààbò náà sílẹ̀, àwọn tí ó sì pa kò dé iléèwé tí a ó fi kà wọ́n.

Iléèwé rọrùn láti wọ̀: ọmọ jókòó, olùkọ́ sì ní orúkọ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò tíì tó iléèwé ni àrùn yìí ń pa jù, wọn kò sì sí nínú ìwé olùkọ́ kankan. Ní 1929 ni ìlú tó fi gbogbo agbára wá wọn kiri. Ọkọ̀ tí ó gbé dókítà àti nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní ojú pópó àti ní etí ọgbà ìṣeré, àwọn ìyá sì ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára níbẹ̀.