Ta Ni Yóò Ya Àwòrán Ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé?

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú àti ilẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú a máa gbilẹ̀, a máa tú, a sì máa ṣí nípò. Ohun tí ń ṣẹ́kù ni orúkọ tí a ń pè é àti àwòrán ilẹ̀ tí a yà nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá ya àwòrán náà ni yóò sọ fún àrọ́mọdọ́mọ ibi tí ìlú wà àti orúkọ tí ó ń jẹ́. Ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, fi èyí hàn kedere.

Nígbà ayé Aláàfin Onígbogí ni àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé, tí ààfin sì di èrò àjò. Nígbà tí ó yá, Ìgbòho ní Òkè-Ògùn di olú-ìlú. Aláàfin mẹ́rin ni ó jọba níbẹ̀. Abípa ni ó kẹ́yìn wọn. Nígbà tí Abípa pinnu láti padà sílé, ó rán àwọn ìránṣẹ́ ṣíwájú láti rúbọ, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tí a ó kọ́ àwọn ilé pàtàkì sí. Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, pé àwọn ìjòyè tí wọ́n ti fìdí múlẹ̀ ní Ìgbòho kò fẹ́ kúrò. Wọ́n kó abuké, àfín, aràrá àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ lọ sórí òkè kan ní Ọ̀yọ́-Ilé, pé kí wọ́n máa ṣe bí iwin lóru. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́. Wọ́n jábọ̀ pé iwin ti gba ilẹ̀ náà. Arọ́kin kan ni ó tú àṣírí fún ọba. Abípa rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì mú àwọn iwin náà wá. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀.

Kí ni a rí kọ́ níbẹ̀? Ìròyìn èké nípa ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ipò olú-ìlú padà. Ohun tí ó tún un ṣe ni pé ẹni tí ó mọ òótọ́ sọ ọ́, àwọn ẹlòmíràn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn dé ibẹ̀.

Ìlú tí wọ́n padà sí gbilẹ̀ gidigidi. Nígbà tí Hugh Clapperton dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní 1826, ó kọ ọ́ pé odi ìlú ní ẹnubodè mẹ́wàá, pé wọ́n ń ná ọjà méje, àti pé ààfin gba nǹkan bí máìlì kan níbùú àti lóròó. Ṣùgbọ́n Katunga, orúkọ tí àwọn Haúsá ń pè é, ni ó fi sínú ìwé rẹ̀. Kò pé ogún ọdún lẹ́yìn náà tí ogun tú ìlú náà. Aláàfin Àtìbà tẹ ìlú tuntun dó ní ìhà gúúsù, ní Àgọ́-d'Ọ̀yọ́, orúkọ Ọ̀yọ́ sì bá a lọ. Ọ̀yọ́-Ilé di igbó. Frank Willett ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1956 sí 1957. Ní 1980, Robert Soper àti Patrick Darling tẹ iṣẹ́ wọn lórí àwọn odi rẹ̀ jáde. Ilẹ̀ tí odi náà yí ká lé ní 5,000 hẹ́kítà. Láti 1991 ni ahoro náà ti wà nínú ọgbà ìtọ́jú ẹranko ti ìjọba àpapọ̀.

Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lè kópa nínú yíya àwòrán ilẹ̀. Ní 2004 ni Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Máàpù ni, tí ènìyàn lè fi ojú ọ̀nà, odò tàbí orúkọ ìlú kún, tí ó sì lè tún àṣìṣe ẹlòmíràn ṣe. Bí arọ́kin ni ó rí, nítorí ó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Òmíràn tí ń jẹ́ OpenHistoricalMap wà fún ohun tí ó ti kọjá: a lè kọ ọdún tí odi dìde àti ọdún tí ó wó sí i, kí a fi rí bí olú-ìlú ṣe dàgbà.

Agbára irú iṣẹ́ yìí hàn lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Haiti ní oṣù kìíní 2010. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé jókòó sílé wọn, wọ́n wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, wọ́n sì fi ya máàpù Port-au-Prince, olú-ìlú ibẹ̀, fún àwọn tí ń gba ẹ̀mí là.

Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò mọ orúkọ. Ó rí òrùlé, kò mọ agbo-ilé tí ó ni ín. Ọ̀fíkì jẹ́ orúkọ odò tí ń ṣàn lọ bá odò Ògùn. Ó tún jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Òkè-Ògùn. Ta ni yóò ṣàlàyé èyí fún àjèjì bí kì í bá ṣe ọmọ ibẹ̀? Ewu mìíràn tún wà: máàpù tí gbogbo ènìyàn lè tún ṣe ni ẹni tí ń jà nítorí ààlà lè fi orúkọ ìlú rẹ̀ sórí oko aládùúgbò. Iwin ayé òde òní nìyẹn, àwọn tí kò mọ ilẹ̀ náà yóò sì gbà á gbọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà níwájú àwọn olùkọ́ àti ọ̀dọ́ Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ìgbòho àti Ọ̀fíkì. Kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè orúkọ odò, òkè àti ahoro nígbà tí àwọn àgbà náà ṣì wà. Kí wọ́n dé ibẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn ọdẹ Abípa kò jókòó sí Ìgbòho kí wọ́n tó mú iwin.